Lẹ́tà Orí Pátákó Tí Àǹtí Mi Há Sórí

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni Àǹtí mi. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, wọn kò ní ọkọ, inú ilé wa ni wọ́n sì ń gbé, ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Níbi iṣẹ́ wọn, Onígò ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, nítorí pé ìgò ojú wọn nípọn bí ìdí ìgò ọtí. Wọn kì í bínú sí orúkọ náà. Wọ́n ní ó sàn ju èyí tí wọ́n ń pe àwọn nílé ẹ̀kọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn ò sọ èyí fún mi rí. Mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́dún yìí sílẹ̀. Wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà má bu iyọ̀ sí i. Nítorí náà, bó ṣe rí gan-an ni màá kọ ọ́.

Láti kékeré ni wọn kò ti ríran ọ̀nà jíjìn. Kò sẹ́ni tó tètè mọ̀, àwọn gan-an ò sì mọ̀, torí wọ́n rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n rò pé olùkọ́ kàn máa ń fi ẹfun pa ara pátákó ni, àti pé ohun tó bá sọ lẹ́nu nìkan ni ẹ̀kọ́. Nítorí náà wọ́n ń há gbogbo rẹ̀ sórí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n kí ẹnì kan tó fi ìgò ojú kọ́ wọn lójú, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ wà lára pátákó. Bàbá mi ní ẹkún ni wọ́n sun. Àǹtí ní irọ́ ni, pé ìbínú ni àwọn bínú, torí gbogbo wàhálà tí àwọn ti ṣe lásán.

Bí wọ́n bá bọ́ ìgò ojú, ohun tó bá wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ojú wọn á mọ́ kedere. Ohun tó bá ti kọjá ìka mẹ́ta, ńṣe ló máa yọ́ mọ́ ara wọn bí ọṣẹ nínú omi. Bí wọ́n bá wọ ìgò ojú, wọ́n á rí ògiri, wọ́n á rí ilẹ̀kùn, wọ́n á rí i pé ẹnì kan dúró, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ẹni náà àfi tó bá sọ̀rọ̀. Lójú títì, àwọn aládùúgbò ní ó gbéra ga, pé kì í kí èèyàn. Kí wọ́n má baà sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ni Àǹtí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí ohunkóhun tó bá dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀wù òjò Bàbá wà lára ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Bùọ̀dá mi, ẹ kú àárọ̀ o,” ni Àǹtí sọ fún ẹ̀wù náà. “Ṣé dáadáa lẹ sùn?”

Bàbá dáhùn láti ilé ìdáná pé, “Ó ní òun sùn dáadáa. Ó ní kí n kí ẹ.”

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ilé ìtura àti ti àwọn ènìyàn lásán ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́jọ tó ga ju ènìyàn lọ wà nínú gbọ̀ngàn, áyọ́ọ̀nù ńláńlá wà níbẹ̀ tí èéfín gbígbóná ń tú jáde lára wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tútù lọ sókè sódò. Ẹ̀yìn pátápátá ni tábìlì Àǹtí wà, lábẹ́ fèrèsé ńlá kan. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n ní láti la gbogbo gbọ̀ngàn kọjá. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógójì ni. Wọ́n mọ ibi tí ooru ti ń wá, wọ́n mọ ohùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Aṣọ tó ya tàbí tó jó ni wọ́n ń tún ṣe. Bí iná sìgá bá jó ṣòkòtò, tàbí kòkòrò jẹ kóòtù, Àǹtí á fa òwú díẹ̀ yọ láti inú ìṣẹ́tí aṣọ náà fúnra rẹ̀, níbi tí ojú ò lè dé. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín hun òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, títí ihò náà á fi dí. Wọ́n á ti bọ́ ìgò ojú sórí tábìlì, wọ́n á sì gbé aṣọ náà sún mọ́ ojú tó bẹ́ẹ̀ tí imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n ń gbóòórùn aṣọ ni. Nígbà kan, ọkùnrin kan kọ̀ láti gba kóòtù rẹ̀. Ó ń pariwo pé kóòtù ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ gbé fún òun, pé ihò wà lápá tòun. Wọ́n ní láti fi orúkọ rẹ̀ tó wà nínú kóòtù hàn án kó tó dákẹ́.

Ohun tó ń ba Àǹtí lẹ́rù ni àyẹ̀wò. Lọ́dọọdún, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ náà gbọ́dọ̀ lọ rí nọ́ọ̀sì, pàápàá nítorí ojú, torí ẹ̀rọ àti iná pọ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì á ní kí ènìyàn dúró sí ìdí ìlà kan nílẹ̀, kó máa ka lẹ́tà orí pátákó tó wà lára ògiri. Lọ́dún tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n tètè dé. Nọ́ọ̀sì ń jẹun lọ́wọ́ ní yàrá kejì. Àǹtí rìn lọ síbi pátákó, wọ́n fi imú kan án, wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa nu ẹnu tán, ó ti wọ orí wọn. Kí wọ́n má baà gbàgbé, wọ́n sọ ọ́ di orin. Wọ́n á máa kọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí abẹ́rẹ́: H, lẹ́yìn náà T àti N, lẹ́yìn náà L, D àti O, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé ìlà karùn-ún. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi orin yìí yege. Èmi gan-an mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo rò pé orin láti kọ́ ọmọdé ní a-bí-dí ni, mo sì máa ń ṣe kàyéfì pé A kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún yìí, wọ́n gba nọ́ọ̀sì tuntun.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló wá sọ bó ṣe lọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ló ń lọ aṣọ níwájú tábìlì Àǹtí, ọ̀rẹ́ wọn sì ni. Wọ́n tẹ̀ lé Àǹtí wálé, wọ́n sì jókòó láàárín yàrá wa. Àǹtí ti wọ yàrá wọn lọ.

“Ẹ fún mi lómi ná,” ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù wí. Wọ́n mu ún tán, wọ́n nu ẹnu. “Bàbá, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Nọ́ọ̀sì yẹn kéré bíi àbíkẹ́yìn mi. Ó ní, ‘Mà, ẹ kà á láti òkè wá.’ Mo na àyà, mi ò tiẹ̀ wo ògiri. Mo ní, ‘H!’ Mo ní, ‘T, N!’ Ó ní, ‘Mà?’ Mo ní, ‘L, D, O!’ Mo ń yan lọ bíi ṣọ́jà! Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn sí mi ni.”

“Ẹ̀yin náà mọ orin yẹn?” ni Bàbá béèrè.

“Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Ọdún mélòó ni Onígò ti ń kọ ọ́ lẹ́yìn mi! Lọ́dún kan tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò, mo rí H lókè, mo rí T àti N, ìlà kẹta wá ń jó mọ́ mi lójú. Mo ní, háà! Orin Onígò rèé! Mo bá kọ ìyókù. Ṣé kí n jókòó kí wọ́n lé mi ni?”

Bàbá ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.”

“Mo jáde, awakọ̀ wọlé. Awakọ̀ wa tó ń kó aṣọ lọ sílé ìtura. Mo gbọ́ ọ láti ìta: H! T, N! Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnì kẹta tó wọlé ni Onígò. Onígò wá kà á dé ìlà karùn-ún! Ìlà karùn-ún, Bàbá! Kò fo ọ̀kan. Ni nọ́ọ̀sì bá gbé bírò sílẹ̀, ó lọ pe Ọ̀gá.”

“Kí ló dé? Ṣé ó ṣì í kà ni?”

“Kò sí lẹ́tà kankan lórí pátákó náà!” Ìyá Áyọ́ọ̀nù pàtẹ́wọ́. “Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀! Àmì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó dà bí ìyarun eléyín mẹ́ta. Èyí kọjú sókè, èyí kọjú sísàlẹ̀, èyí kọjú sápá ọ̀tún. Ọwọ́ ni wọ́n ní kéèyàn fi máa júwe ibi tí eyín rẹ̀ kọjú sí. Àwa mẹ́ta la ka H sórí ìyarun!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run má bínú. Ìgbà tí Ìyá Áyọ́ọ̀nù sọ ìyókù ni mo tó dákẹ́. Ọ̀gá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, wọ́n sì béèrè ẹni tó kọ́ wọn. Ìyá Áyọ́ọ̀nù wo òkè àjà. Awakọ̀ wo bàtà rẹ̀. Àǹtí ní, “Èmi ni, Ọ̀gá. Èmi ni mo ni orin náà. Wọ́n kàn gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.” Àǹtí wá yíjú sí awakọ̀, wọ́n ní, “Ìwọ, báwo lo ṣe ń rí ọ̀nà?” Awakọ̀ ní, “Mo máa ń rí i tó bá ti sún mọ́.”

Ọ̀gá ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé ìwòsàn ojú, kí wọ́n sì mú ìwé wá. Wọ́n ní ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ní ìgò ojú ló nílò, kó lọ gba ìgò, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. “Àmọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pè é ní afọ́jú,” ni Ọ̀gá wí, “mi ò lè fi afọ́jú sáàárín ẹ̀rọ gbígbóná. Èmi ni òfin máa mú.” Ìyá Áyọ́ọ̀nù ní Àǹtí nìkan ni Ọ̀gá ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ èyí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó tó di ọjọ́ tí ilé ìwòsàn dá fún wọn. Àǹtí ò lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo àkókò náà. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń rán nǹkan. Wọ́n rán ìbọ̀sẹ̀ Bàbá, wọ́n rán àpò ìwé mi, wọ́n rán aṣọ fèrèsé, wọ́n tún rán aṣọ tí a fi ń nu ilẹ̀.

“Ó kù kó o rán ẹnu ọ̀nà,” ni Bàbá wí.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Bùọ̀dá mi, kò síṣẹ́ mìíràn tí mo lè ṣe. Mi ò lè ta ọjà, mi ò ní mọ ẹni tó ra nǹkan, mi ò sì ní mọ ẹni tó jí i. Mi ò lè tọ́jú ọmọ tó ti ń rìn. Bí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, orí ibùsùn nìyẹn.”

Bàbá tọ́ka sí mi. “Ọmọ yìí wà ní ìsinmi. Á bá ẹ lọ. Pátákó kì í sáré, àbí? Kó lọ kà á, kó wá sọ ọ́ sí ẹ létí. Lẹ́tà díẹ̀ péré lo nílò láti kà dáadáa, kí wọ́n má ṣáà kọ afọ́jú síwèé.”

Àǹtí fi òwú sẹ́nu, wọ́n sì fi wọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn náà gùn tóóró. Àga kan wà ní ìpẹ̀kun kan, pátákó tó ní iná lẹ́yìn sì wà ní ìpẹ̀kun kejì. Lẹ́tà ló wà lórí èyí. Dókítà jẹ́ obìnrin tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Wọ́n kán omi sí ojú Àǹtí, wọ́n fi iná wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ń kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, dókítà ní kí a dúró de àwọn díẹ̀, wọ́n sì jáde.

Mo gbọ́ aago. Mo ń rí pátákó náà láti ibi tí mo jókòó sí, mo sì lè ka ìlà mẹ́fà nínú rẹ̀. Àǹtí ò ní kí n kà á. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n na ọwọ́ síwájú díẹ̀, wọ́n rìn dé ìdí pátákó. Wọ́n bọ́ ìgò ojú. Wọ́n fi imú kan lẹ́tà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìlà kejì, ìlà kẹta, ìlà kẹrin. Mo rí i tí ètè wọn ń lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró sójú kan, ìwájú orí wọn wà lára pátákó bíi pé ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n padà wá jókòó.

Dókítà wọlé. “Ẹ má bínú. Ó yá, ẹ fi ọwọ́ bo ojú òsì, ẹ máa kà á fún mi láti òkè.”

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ pátákó yẹn,” ni Àǹtí wí. “Mo ti lọ wò ó.”

“Ẹ ti lọ wò ó?”

“Ìlà mẹ́rin ti wà lórí mi. Bí ẹ bá ní kí n kà á, màá kà á, ẹ ò sì ní mọ̀.”

Dókítà wo Àǹtí, wọ́n wò mí, wọ́n fà sẹ́yìn lórí àga. “Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ fún mi?”

“Awakọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ wa,” ni Àǹtí wí. Wọn ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà tẹ nǹkan kan, lẹ́tà orí pátákó náà sì yí padà. Àǹtí wọ ìgò ojú wọn. Wọ́n ní àwọn rí ìmọ́lẹ̀. Dókítà ní ṣé wọ́n rí lẹ́tà tó tóbi jù lọ? Àǹtí ní àwọn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún àwọn. Dókítà gbé pátákó ọlọ́wọ́ kan, wọ́n ń sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń béèrè ní ìdúró kọ̀ọ̀kan. Kò ju ìṣísẹ̀ méjì sí àga lọ mọ́ kí Àǹtí tó sọ lẹ́tà náà, tó sì jẹ́ òun ni. Èyí ni ti ojú ọ̀tún, tó dára jù. Ojú òsì ò rí i rárá.

Dókítà wá fún wọn ní káàdì tí wọ́n fi ń yẹ ìwé kíkà wò. Àǹtí bọ́ ìgò ojú, wọ́n gbé káàdì náà síbi imú, wọ́n sì ka ìlà tó kéré jù lọ láìdúró. Wọ́n wá ní, “Ṣé kí n ka ti ìsàlẹ̀ yìí náà?”

“Ìsàlẹ̀ wo? Ìlà lásán nìyẹn.”

“Kì í ṣe ìlà lásán. Ọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí wọ́n má fi omi nù ún, kí wọ́n má sì gbé e sínú oòrùn.”

Dókítà gba káàdì náà, wọ́n gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, wọ́n wò ó. “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń lo káàdì yìí,” ni wọ́n wí. “Omi ni mo fi ń nù ún.”

Lẹ́yìn náà ni dókítà ṣàlàyé. Wọ́n ní ẹyin ojú Àǹtí gùn ju bó ṣe yẹ lọ, awọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ nítorí bó ṣe ń nà. Wọ́n ní bí wọ́n bá rí iná tó ń kọ yẹ̀rì, tàbí nǹkan dúdú tó ń rọ̀ wálẹ̀ bí eérú, kí wọ́n sáré wá lọ́jọ́ náà gan-an. Nípa òfin, wọ́n ní lẹ́tà kan wà tí ojú tó dá ṣáká lè kà láti ọgọ́ta mítà. Ẹni tí kò bá lè kà á láti mítà mẹ́fà, pẹ̀lú ìgò ojú tó dára jù lọ, afọ́jú ni lábẹ́ òfin.

“Afọ́jú tó ń fi òwú wọ abẹ́rẹ́,” ni Àǹtí wí.

“Òfin ò béèrè abẹ́rẹ́. Ọ̀nà jíjìn ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n èmi lè kọ ọ́.”

Wọ́n sì kọ ọ́. Wọ́n kọ ìwé kan tó ní afọ́jú ni Àǹtí, wọ́n sì fi lẹ́tà kan tì í tó ṣàlàyé ohun tí ojú wọn lè rí ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀, akọ̀wé tó wà lórí àga ka ìwé náà, ó sì ti páàdì yíǹkì síwájú Àǹtí. Ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. “Ẹ GBÉ ÀTÀǸPÀKÒ YÍN WÁ, MÀ.”

“Kí ló dé?” ni Àǹtí wí. “Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò kàwé?” Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tó gbé orí sókè, wọ́n ní, “Ọjọ́ àná lo kọ síbi ọjọ́ òní.”

Ibi iṣẹ́ la gbà lọ. Èmi ni mo gbé fáìlì náà dání, mo sì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ọ̀gá ka ìwé méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìwé yìí ní afọ́jú ni ẹ́.”

“Ó sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá.”

“Èyí wá ní o rí ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ ò rí.”

“Ó sọ ìyẹn náà.”

“Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?”

“Méjèèjì, sà. Ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n.”

Ọ̀gá fi ìwé náà sílẹ̀. “Ọdún mọ́kànlá lo fi purọ́ fún mi, Onígò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O ò tiẹ̀ ní bẹ̀ mí?”

“Mo ń bẹ̀ yín nítorí awakọ̀. Ìyẹn burú, mi ò sì mọ̀. Nítorí tèmi, ṣé ẹ rí aṣọ kan tí mo rán tó ní àbùkù?”

Ọ̀gá dìde, wọ́n wo gbọ̀ngàn láti ojú gíláàsì ọ́fíìsì. Kẹ̀kẹ́ aṣọ méjì ń kọjá. “Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá gbá ẹ lulẹ̀ ńkọ́? Bó o bá fọwọ́ lé áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Kí ni màá sọ?”

“Ẹ gbé tábìlì mi kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Yàrá kan wà lẹ́nu géètì, ibi tẹ́ ẹ ń kó ìkọ́ aṣọ tó ti ṣẹ́ sí.”

“Kò ní fèrèsé.”

“Ẹ fún mi ní iná kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mi ò nílò láti rí ìta.”

Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn fèrèsé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn. Oòrùn máa ń bà wọ́n léjìká láàárọ̀, Ìyá Áyọ́ọ̀nù sì wà níwájú wọn láti máa bá wọn ṣàwàdà. Wọn ò sọ èyí fún Ọ̀gá.

“Oṣù mẹ́ta,” ni Ọ̀gá wí níkẹyìn. “Oṣù mẹ́ta ni mo fún ẹ. O ò gbọ́dọ̀ tẹ gbọ̀ngàn. Ẹlòmíràn ni yóò máa gbé aṣọ wá fún ẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, màá sọ èyí tí mo bá rí.”

Wọ́n kó ìkọ́ aṣọ jáde, wọ́n kun yàrá náà, wọ́n sì so iná kan mọ́ ibi tí Àǹtí lè fà á wá sí iwájú ojú wọn. Àwọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ti gba ìgò ojú tiwọn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n wá sí ẹnu géètì, wọ́n wo Àǹtí títí, wọ́n ní, “Ṣé bó o ṣe darúgbó tó nìyí, tẹ́nì kankan ò sọ fún mi?” Awakọ̀ náà gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ló fi gbálẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà. Kò kí Àǹtí ní gbogbo oṣù náà. Àǹtí ní ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni oṣù mẹ́ta náà pé. Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan ní ọjọ́ Ajé, wọn ò sọ nǹkan kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àǹtí ò lè jẹun dáadáa nílé. Ní ọjọ́rú, wọ́n rìn gba ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n má baà tẹ gbọ̀ngàn, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá, oṣù mẹ́ta ti pé. Mo wá gbọ́ èyí tẹ́ ẹ rí.”

Àǹtí ní Ọ̀gá ò gbé ojú sókè, pé àwọn mọ̀ ọ́n láti ibi tí ohùn wọn ti ń wá.

“Ṣé aṣọ ti tán lórí tábìlì rẹ ni?” ni Ọ̀gá béèrè.

“Rárá, sà. Ó ku kóòtù méjì àti yẹ̀rì kan.”

“Kí lo wá ń ṣe níbí?”

Àǹtí ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì padà sídìí kóòtù náà.